Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Amúnáwá Mìíràn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Ó yẹ kí òwe yìí máa dún ní etí gbogbo aláṣẹ tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, pàápàá jù lọ ní àwọn ìpínlẹ̀ Òkè Ọya tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, tí a sì ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wa. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí iná mànàmáná bá di ọ̀wọ́n, agbára nìkan ni àwọn aláṣẹ wa máa ń wá: ẹ̀rọ amúnáwá tí ó tóbi ju ti àná lọ, bátìrì tí ó pọ̀ ju ti èṣí lọ. Wọn kì í sábà béèrè ohun tí iná tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀ ń ṣe fún wọn.

Kò sí ẹni tí ó wà ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Gombe ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí yóò tètè gbàgbé ohun tí ojú rí. Àwọn bàsèjẹ́ ti ba ọ̀nà iná ńlá tí ó ti Shiroro wá sí Kàdúná jẹ́ ṣáájú, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 22 oṣù náà, èyí tí ó gba ìhà Enugu kọjá lọ sí Makurdi náà dákú. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí iná tó padà sí ọ̀pọ̀ ìlú. Ní gbogbo àkókò náà, ẹ̀rọ amúnáwá ni ilé ìwòsàn, ilé ìfowópamọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ọ́fíìsì ìjọba gbára lé. Ẹni tí epo rẹ̀ bá sì tán, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń mọ̀ pé kì í ṣe owó nìkan ni a ń pàdánù nígbà tí a bá fi iná ṣòfò. Epo tí ó jó lásán lóru àná ni ì bá jẹ́ kí dókítà rí àkọsílẹ̀ aláìsàn kà ní òwúrọ̀ òní.

Nínú gbogbo ibi tí iná ń gbà lọ ní irú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, yàrá kan wà tí àlejò kì í dé, tí àwọn ọ̀gá pàápàá kì í sábà wọ̀. Inú rẹ̀ tutù nini, ariwo fáànù kì í sì í dá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ibẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tí a ń pè ní sáfà wà. Sáfà ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti ìṣirò owó àwọn oníbàárà. Òun ni àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí ó wà lórí tábìlì ń lọ bi léèrè kí wọ́n tó lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nítorí pé ó ṣe pàtàkì, kò sí ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, kò sí ẹni tí ó ka iye iná tí ó ń jẹ.

Báyìí ni wọ́n sì ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ̀ka ìṣirò owó yóò ra sáfà kan fún owó oṣù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-ìkàwé yóò ra tirẹ̀. Ẹ̀ka ìdánwò kò ní fẹ́ kí máàkì wà pẹ̀lú ìwé àwọn ará ilé-ìkàwé, yóò ra tirẹ̀ náà. Kí ọdún márùn-ún tó pé, ẹ̀rọ mẹ́wàá ti tò sínú yàrá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe iṣẹ́ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa nìkan. Ní ọdún 2007, Luiz André Barroso àti Urs Hölzle, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ní ilé-iṣẹ́ Google, gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà. Wọ́n rí i pé láàárín ìdá 10 sí ìdá 50 nínú 100 agbára wọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò wọn. Èyí nìkan ì bá má burú púpọ̀, bí kò bá ṣe ti ohun kejì tí wọ́n sọ: sáfà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, tí a kàn tàn sílẹ̀, a máa jẹ nǹkan bí ìdajì iná tí ì bá jẹ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Jonathan Koomey àti Jon Taylor náà ṣe ìwádìí mìíràn ní ọdún 2015 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn sáfà tí wọ́n yẹ̀ wò kò ṣe iṣẹ́ kankan fún ẹnikẹ́ni fún odidi oṣù mẹ́fà, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ iná lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní bàbá kan ní ilé mẹ́wàá ní Sábọ́n Gàrí, tí ayálégbé kan ṣoṣo sì ń gbé inú yàrá kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ká ní bàbá náà ń tan gbogbo iná ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, tí fáànù ń fẹ́ nínú àwọn yàrá tí ó ṣófo, tí ó wá ń kígbe pé owó iná fẹ́ pa òun. Ǹjẹ́ a ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ ra ẹ̀rọ amúnáwá tí ó tóbi sí i? Rárá o. A ó ní kí ó kó àwọn ayálégbé rẹ̀ jọ sí ilé méjì, kí olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí ó sì pa iná ilé mẹ́jọ yòókù.

Ohun tí ìmọ̀ sáfà lè ṣe fún wa gan-an nìyẹn. Ètò kan wà tí a ń fi sínú sáfà, tí yóò pín in sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aláìlára. A pè wọ́n ní aláìlára nítorí pé a kò lè fi ọwọ́ kàn wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ó ni gbogbo ẹ̀rọ náà: ó ní ètò tirẹ̀, ó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kò sì rí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe. Owó oṣù wà ní yàrá tirẹ̀, máàkì wà ní yàrá tirẹ̀, ìwé ilé-ìkàwé wà ní yàrá tirẹ̀, abẹ́ òrùlé kan náà sì ni gbogbo wọn wà. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ilé-iṣẹ́ IBM ti ń lò ó lórí àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì rẹ̀ láti àárín ọdún 1960 sí 1970, ó sì kéde èyí tí ó pè ní VM/370 ní ọdún 1972. Ilé-iṣẹ́ VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, wà lára àwọn tí ó mú un wọ inú sáfà tí kò tóbi púpọ̀, irú èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn lè rà.

Nígbà tí a bá so sáfà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, tí gbogbo wọn sì ń kó àkọsílẹ̀ sí ibi kan náà, wọ́n di agbo. Nínú agbo, a lè gbé ẹ̀rọ aláìlára láti orí sáfà kan sí òmíràn láìdá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Akọ̀wé tí ó ń tẹ ìwé lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé a ti ṣí ilé. Ibi tí ìṣàkóso iná ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀ ní alẹ́, alábòójútó agbo yóò kó gbogbo ẹ̀rọ aláìlára jọ sórí sáfà díẹ̀, yóò sì pa àwọn tí ó ṣófo. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, yóò fi àmì ránṣẹ́ gba orí wáyà, èyí tí ó sùn yóò jí, wọn yóò sì tún iṣẹ́ náà pín láàárín ara wọn. Ó kéré tán láti ọdún 2009 ni irú ètò tí ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, ti wà nínú ọjà VMware.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ kí ó lè yé wa. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní sáfà mẹ́wàá tí kò ṣe iṣẹ́ púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ 150 wáàtì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,500 wáàtì, èyí tí í ṣe yúnìtì 36 láàárín wákàtí 24. Bí a bá kó iṣẹ́ wọn jọ sórí sáfà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ń jẹ 250 wáàtì nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ sí i, 500 wáàtì ni àpapọ̀ rẹ̀, ìyẹn yúnìtì 12 lóòjọ́. Yúnìtì 24 ni a fi pamọ́ lójúmọ́ kan. Ní ọdún kan, ó di yúnìtì 8,760. Bí a bá fi 200 náírà ka yúnìtì kọ̀ọ̀kan, 1,752,000 náírà nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ amúnáwá ni ilé-ẹ̀kọ́ náà gbára lé, lítà epo dísẹ́ẹ̀lì kan kì í sábà mú ju nǹkan bí yúnìtì 3 jáde, nítorí náà nǹkan bí lítà 8 ni wọn kò ní jó mọ́ lójoojúmọ́. A kò tíì ka ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn. Gbogbo iná tí sáfà bá jẹ ni ó ń di ooru nínú yàrá náà, a sì ní láti tún fi iná mìíràn lé ooru náà jáde.

Èrè kan tún wà tí ó ju owó lọ. Bátìrì tí ó lè gbé 1,500 wáàtì fún wákàtí kan yóò gbé 500 wáàtì fún wákàtí mẹ́ta, bí kò bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ wákàtí méjì yìí kò kéré lójú ẹni tí ó wà ní ilé ìwòsàn ní òru, tí iná ti lọ, tí ẹni tí yóò tan ẹ̀rọ amúnáwá kò sì tíì dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣe iyèméjì pé ọgbọ́n lè dí ipò agbára, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 2020, Eric Masanet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sínú ìwé ìròyìn Science pé iṣẹ́ tí àwọn ilé sáfà ń ṣe káàkiri àgbáyé fi ìdá 550 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín ọdún 2010 sí 2018, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ń jẹ kò fi ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 lọ sí i. Kíkó iṣẹ́ jọ sórí sáfà díẹ̀ wà lára ohun tí ó mú un rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọgbọ́n àtọwọ́dá ti mú kí ìnáwó iná náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, IEA, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2024 àwọn ilé sáfà jẹ nǹkan bí yúnìtì bílíọ̀nù 415, èyí tí ó tó ìdá kan àti ààbọ̀ nínú 100 gbogbo iná àgbáyé. Ní orílẹ̀-èdè Ireland, ìdá 21 nínú 100 iná tí mítà kà ní ọdún 2023 ni ilé sáfà jẹ. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí iná wọn kì í lọ ni ó ń ka tiwọn báyìí. Àwa tí iná wa ń lọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà á.

Kí ni ó wá dé tí a kò fi ṣe é? Lójú tiwa, kì í ṣe àìmọ̀ nìkan. Ẹni tí ó ń ra epo kọ́ ni ó ń ra sáfà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìtọ́jú ilé ni owó dísẹ́ẹ̀lì ti ń jáde. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ wà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú sáfà bá pa ẹ̀rọ kan, tí nǹkan kan sì bàjẹ́, òun ni wọn yóò kọ ìwé sí pé kí ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀ tí ó ń jó epo fún ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohunkóhun. Nínú irú ètò báyìí, ẹni tí ó gbọ́n fún ara rẹ̀ yóò fi gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti àwọn tí ó fi í sí ipò bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ewu wà nínú kíkó iṣẹ́ jọ, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Bí iṣẹ́ mẹ́wàá bá wà lórí sáfà kan tí ó sì kú, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó kú. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tí sáfà méjì lè ṣe, mẹ́ta ni kí á ní fún un, kí ẹ̀kẹta máa sùn ṣùgbọ́n kí ó lè jí nígbàkigbà, kí á sì máa jí i lóṣooṣù láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. Kí á má ṣe di ẹrù rù sáfà kankan títí tí kò fi ní àyè mọ́, nítorí sáfà tí ó sùn kì í jí lójú ẹsẹ̀; ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí á má ṣe fi ohun kan àti ìgbákejì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kan náà. Kí ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sì wà ní ibòmíràn tí kì í ṣe inú yàrá náà. Ẹni tí ó bá ṣe báyìí, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ ju ti ẹni tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́wàá tí kò ní àdìpò kan ṣoṣo lọ.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó ètò náà wọ́n. Lóòótọ́, láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Broadcom ti ra VMware ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọn kò ta ètò náà ní àràtán mọ́. Sísan owó lóòrèkóòrè ni ó kù, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ó sì ti kígbe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà kan ṣoṣo nìyẹn. KVM ti wà nínú Linux láti ọdún 2007, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí ó ń béèrè ni ènìyàn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, irú wọn kò sì wọ́n láàárín àwọn ọmọ wa tí ó ń jáde ní yunifásítì lọ́dọọdún, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò ṣe.

Ohun tí a ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ gbogbo àti àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sí kò le. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ amúnáwá tuntun tàbí sáfà tuntun fún ilé-iṣẹ́ kankan, àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ iye sáfà tí ó ní, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti iye iná tí mítà sọ pé ó ń jẹ. Èyí tí kò bá ṣe iṣẹ́ kankan mọ́, kí wọ́n pa á. Èyí tí ó bá ń ṣe díẹ̀, kí wọ́n kó o pọ̀ mọ́ òmíràn. Kí owó epo yàrá sáfà sì máa jáde láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tí ó ni sáfà, kí ó lè máa dùn wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ ti dá Galaxy Backbone sílẹ̀ láti ọdún 2006 láti máa pèsè irú ohun àjùmọ̀lò báyìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ kan fi gbọdọ̀ ní yàrá títutù tirẹ̀.

Kí wọ́n tún wo ọ̀rọ̀ òtútù náà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìmúlétutù tí a ń pè ní ASHRAE ti sọ láti ọdún 2008 pé kò sí ewu bí afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú sáfà bá wà láàárín 18 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó bá gbé tirẹ̀ sí 16 ń fi owó ra òtútù tí ẹ̀rọ kò béèrè. Ní Jọ́ọ̀sì, tí ojú ọjọ́ rẹ̀ tutù ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ, afẹ́fẹ́ ìta lè ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ní òru, bí a bá ti lè fi asẹ́ dí eruku ọyẹ́ lọ́nà.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ibi ìdánwò kọ̀ǹpútà, pàápàá láti ìgbà tí JAMB ti sọ ìdánwò rẹ̀ di ti kọ̀ǹpútà pátápátá ní ọdún 2015. Àwọn mìíràn wà nínú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́, tàbí nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n bá gbé owó epo wá síwájú yín pé ó ti tún gòkè, tí wọ́n sì fẹ́ fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́ tàbí owó ìtọ́jú, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: sáfà mélòó ni a ní? Mélòó nínú wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ lóru? Ta ni ó láṣẹ láti pa èyí tí kò ṣiṣẹ́? Bí wọn kò bá rí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta, ẹ ti mọ ibi tí owó yín ń gbà lọ.

A kò sọ pé kí ìjọba má ṣe tún ọ̀nà iná ṣe, tàbí kí ó má ṣe dáàbò bo àwọn òpó iná lọ́wọ́ àwọn bàsèjẹ́. Dandan ni kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n iná tí a bá mú wá tuntun, bí ó bá bá ẹ̀rọ tí ń jẹ láìṣiṣẹ́ nílé, yóò tán bí ti àkọ́kọ́ ti ṣe tán. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí á ka ohun tí a ní, kí á kó o jọ, kí á pa èyí tí kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí á tó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá mìíràn.